Bí ẹ ṣe máa wọ ẹ̀wù ààbò àyà àti ẹ̀yìn lórí máṣíìnì, kó lè gbà yín lọ́nà oko àti ní títì

Ẹ̀wù náà dé láti Kánádà lóṣù Kejìlá ọdún 2019. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Alberta ló gbé e wá nígbà tó wálé ọdún. Ike dúdú líle kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, fóòmù wà nínú méjèèjì, okùn fífẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, méjì wà ní òsì. Mo rò pé aṣọ ọlọ́pàá ni. Ó ní rárá, òun fi ń gun máṣíìnì orí yìnyín ni.

Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí nínú fóònù. Máṣíìnì yẹn kò ní táyà kankan. Ohun pẹlẹbẹ méjì tí imú wọn ká sókè ló fi ń yọ̀ lórí yìnyín níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ tó ń yí bí ẹsẹ̀ katapílà ló sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ará Quebec kan, Joseph-Armand Bombardier, ló gbé irú rẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Ski-Doo jáde lọ́dún 1959. Ti òde òní lè sáré kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, àárín igi ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e gbà. Ẹ̀ka igi tó yọ sójú ọ̀nà, kùkùté tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ọwọ́ máṣíìnì fúnra rẹ̀ tó ń gún èèyàn láyà bó bá dúró lójijì: nítorí ìwọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù náà.

Mo gbọ́, mo dúpẹ́, mo fi kọ́ sára ògiri. Ibẹ̀ ló wà títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021. Mò ń ti oko bọ̀ lọ́nà Ìwàrà lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò sì ti mú kí ọ̀nà máa yọ̀. Ẹ̀ka obì kan tó ti fà ya ló gbá mi láyà. Ọwọ́ máṣíìnì yí, ó gún mi níhà ọ̀tún kí n tó balẹ̀. Egungun ìhà méjì ló sán. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ikọ́ bá ń bọ̀, màá kọ́kọ́ di ìrọ̀rí mọ́ àyà kí n tó jẹ́ kó jáde. Gbogbo ohun tí àbúrò ìyàwó mi kà sílẹ̀ nínú igbó yìnyín ló wà lọ́nà oko wa pẹ̀lú: ẹ̀ka igi, kùkùté, ọwọ́ máṣíìnì. Ẹ̀wù sì wà lára ògiri.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wọ̀ ọ́, mo sì ti bá àwọn èèyàn ní àdúgbò wa ní Iléṣà wọ tiwọn: ọlọ́kadà, àgbẹ̀ oníkòkó, olùkọ́ kan tó ń gun tirẹ̀ lọ sí Òṣú lójoojúmọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹlòmíràn ní ẹ̀wù, ó sì wà lára rẹ̀, síbẹ̀ kò lè gbà á, torí pé kò dì mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún wa lábẹ́ orúkọ kan náà. Èkíní ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ ewé tútù tó ní ilà funfun tó ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá bá a. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ rí yín. Iṣẹ́ ńlá ni, pàápàá lálẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ìkúùkù ọmọdé dúró. Èkejì ni irú tèmi, tó ní ike líle níta àti fóòmù nínú. Ó dára fún ẹ̀ka igi, òkúta tó ń ta, àti ọwọ́ máṣíìnì. Ẹ̀kẹta rọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ki fóòmù kan tó wúwo tó sì le sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà míì síwájú pẹ̀lú.

Ẹ wá àmì kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán ẹni tó wà lórí máṣíìnì àti nọ́ńbà EN 1621-2 (EN ni àmì òṣùwọ̀n ti ilẹ̀ Yúróòpù), ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe é fún. EN 1621-3 jẹ́ ti àyà. EN 14021 jẹ́ ti òkúta tó ń ta sí ni lára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo bóyá 1 ni wọ́n kọ sí i tàbí 2. Bí wọ́n ṣe ń dán ti ẹ̀yìn wò ni pé wọ́n á jẹ́ kí irin kílò 5 já lé e lórí láti òkè tó tó mítà kan, wọ́n á sì wọn agbára tó là á kọjá dé abẹ́. Kílónewton ni wọ́n fi ń wọn agbára náà. Ìpele 1 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju kílónewton 18 lọ, tí wọ́n bá ro iye tí wọ́n rí ní gbogbo ìgbà tí irin já lé e pọ̀, tí wọ́n sì pín in dọ́gba. Ìpele 2 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju 9 lọ. Ìdajì nìyẹn. Bí owó yín bá ká a, ìpele 2 ni kí ẹ rà. Tèmi kò ní nọ́ńbà ẹ̀yìn rárá, nítorí náà mi ò fọkàn tán an pé ó lè gba ọ̀pá ẹ̀yìn mi bí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ọ̀dà. Fún ẹ̀ka igi lọ́nà oko, ó tó mi.

Ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń fún èrò inú ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ti máṣíìnì. Ẹ má ra èyí tó ní àwọ̀ ṣọ́jà bó ti wù kó le tó, nítorí òfin kò gba aráàlú láyè láti wọ̀ ọ́. Èyí tó ń wú bíi bàlúù tún wà, tí agolo afẹ́fẹ́ kékeré ń fẹ́ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá já bọ́ kúrò lórí máṣíìnì. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n bó bá ti wú lẹ́ẹ̀kan, agolo tuntun ló kù. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti rí agolo rà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ẹ wò bí ẹni ń ra iṣu lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rí rà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ gbé e sínú oòrùn kí ẹ yẹ ike rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ilà funfun tín-ín-rín lójú ibi tó yẹ kó dúdú, ike náà ti tẹ̀ kọjá ibi tó yẹ rí. Bó bá tún gba ìyà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ilà yẹn ni yóò gbà là. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù. Èyí tó dára á wọlé, á sì dìde padà. Èyí tó wọlé tí kò dìde, tàbí tó ń ya sọ́wọ́ bí búrẹ́dì ọjọ́ kẹrin, ti kú.

Lẹ́yìn náà, okùn. Téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ra, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé tó ń dún bí ẹni ń ya aṣọ, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára fà á sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jáwọ́, ẹ má sọ ẹ̀wù náà nù; ẹ gbé e lọ bá télọ̀ tàbí oníbàtà kó rán òmíràn sí i. Fóòmù tó kú àti ike tó là ni kò ṣeé tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ara yín

Ẹ yá téèpù télọ̀. Ẹ wọn àyà yín yípo ní ibi tó fẹ̀ jù, kí ẹ tún wọn ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé ìbàdí. Ìwọ̀n kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹ̀wù tó gùn jù á fìdí kan àga máṣíìnì, àga á sì tì í sókè títí yóò fi máa ti akoto yín látẹ̀yìn. Èyí tó kúrú jù á fi kíndìnrín sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ohun kan wà nípa ti Kánádà tí mo fi ara mi kọ́. Lórí jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó nípọn ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Àbúrò ìyàwó mi kò tóbi jù mí lọ, síbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì, mo lè ki gbogbo ọwọ́ mi bọ àárín ike àti ìhà. Bí ẹ̀bùn bá ti òkè òkun bọ̀, ẹ sọ fún wọn pé orí ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wíwọ̀ rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó lápá gígùn. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, bírò, fóònù àti ohunkóhun tó le kúrò nínú àpò àyà. Mo ti rí ọ̀gbẹ́ni kan tí ideri bírò já wọ ẹran ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù tó yẹ kó gbà á.

Ẹ tú gbogbo okùn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń fi ipá ki orí bọ̀ ọ́ pẹ̀lú okùn dídè, ojú rírán ló ń já lójoojúmọ́. Bó bá ti dé èjìká, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú ìsàlẹ̀ ike iwájú, kí ẹ fà á wálẹ̀ títí tí òkè rẹ̀ á fi wà lábẹ́ kòtò ọ̀fun, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi bo òpin egungun ìhà. Kò yẹ kó dé ìdodo, torí ẹ ó tẹ̀ síwájú.

Nísinsìnyí, ẹ dè é. Okùn ìsàlẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ dè, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀, kí ọ̀kan má fà ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni ti òkè. Ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó fà á gbẹ̀yìn. Ìka méjì ló yẹ kó lè wọ àárín okùn àti ara. Bí ọwọ́ odindi bá wọ̀ ọ́, ó tú jù. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú, á ká lọ sókè ọrùn, á fi ìhà sílẹ̀ fún ilẹ̀. Bí ìka kan kò bá lè wọ̀ ọ́, ẹ ò ní lè mí dáadáa bí ẹ bá ń ti máṣíìnì gun òkè. Ẹ ká ìdí okùn tó kù sínú. Okùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè wọ ṣéènì.

Ìgbẹ̀yìn ni ẹ ó gbé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ mànà lé e lórí. Ike dúdú kò ṣeé rí lálẹ́, ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ kò sì ní iná níbi púpọ̀. Bí ẹ bá gbé àpò sẹ́yìn, ẹ ti bo ilà tó ń tàn náà nìyẹn. Ẹ so àpò mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò lórí àga kí ẹ tó tan iná

Ẹ jókòó sórí máṣíìnì tó dúró. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin ọ̀tún, kí ẹ yí i dé òpin òsì. Ẹ wo ẹ̀yìn lórí èjìká méjèèjì. Ẹ dé akoto, kí ẹ gbójú sókè bí ẹni ń wo ẹyẹ. Bí ike bá kan akoto, tàbí tó ń gún abíyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún okùn òkè ṣe. Ẹ dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ la kòtò kọjá, kí ẹ tún jókòó. Ẹ̀wù tó dì dáadáa á wà níbi tó wà. Ìṣẹ́jú méjì péré ni gbogbo èyí ń gbà, ẹ ò sì ní máa ṣe é lójoojúmọ́. Bí ara bá ti mọ̀ ọ́n, ó parí.

Ooru

Èyí ni gbogbo ènìyàn ń bi mí. Òótọ́ ni, ooru ń mú. Kánádà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe oṣù Kẹta ní Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ti òwúrọ̀ kùtù lọ sóko, mi ò sì ń padà ní ọ̀sán gangan. Bí mo bá ti dúró, mo ń tú okùn òkè kí atẹ́gùn lè wọlé, mi ò kàn ń yọ ọ́ lọ́rùn. Mo ń mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ mí. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lábẹ́ igi, ẹ bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá jókòó, kí ẹ fi kọ́ síbi tí ojú yín á ti rí i, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ padà kí èrò tó gùn. Bí orí bá ń yí yín, tàbí tí òógùn dédé gbẹ lára yín nínú ooru, ẹ dúró, ẹ bọ́ ọ, ẹ wá ibòòji kí ẹ sì bu omi sára.

Ẹlòmíràn ní torí pé kò jìnnà, òun ò wọ̀ ọ́: “Ọjà Atákúnmọ́sà lásán ni mò ń lọ.” Ibi tí mo ti ṣubú kò tó kìlómítà méjì sílé.

Èrò ẹ̀yìn, obìnrin àti ọmọdé

Ẹ̀wù àgbàlagbà kì í ṣe ti ọmọdé. Ó máa ń tú lára wọn, á sì ti àgbọ̀n wọn sókè nígbà tí wọ́n bá ṣubú. Ti ọmọdé wà lọ́tọ̀. Jíjókòó ọmọ sórí táńkì kò ní ẹ̀wù tó lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Ìyá tó pọn ọmọ kò lè wọ èyí tó ní ike lẹ́yìn, ọmọ náà ló sì máa kọ́kọ́ balẹ̀. Kí wọ́n wọ kọ̀rópe tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ de okùn mọ́ ikùn rárá. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí wọ́n fi máṣíìnì sílẹ̀ títí wọn ó fi sọ̀. Fún obìnrin mìíràn, ẹ wá èyí tí wọ́n fi àyè ọmú sí níwájú. Èyí tó pẹlẹbẹ á máa fún wọn, wọn ò sì ní fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí kò lè ṣe

Kò lè gba orí. Kò lè gba ọrùn, kò lè gba ẹsẹ̀. Bí máṣíìnì bá fi eré kọlu ọkọ̀ àjàgbé, ohun inú ara lè ya kódà kí ike má là. Ẹ̀wù wà fún ẹni tó rọra ń lọ tí ohun tí kò rò sì ṣẹlẹ̀ sí i.

Akoto ni àkọ́kọ́, ẹ̀wù tẹ̀lé e, kì í ṣe ìdàkejì. Kí ẹ de okùn akoto sábẹ́ àgbọ̀n kó dì. Mo rántí oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto, táwọn kan láwọn ìlú kan dé igbá àti ìkòkò ọ̀dà torí kí wọ́n má bàa mú wọn. Ẹni tó bá ń dé e nítorí agbófinró, bó bá ti kọjá wọn tán á gbé e sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yìí sì ti pẹ́ lágbègbè wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí ikú ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn kò jẹ́ kó sinmi. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977, Ṣóyínká náà ló sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún FRSC nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Ẹ wọ ṣòkòtò tó nípọn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Sílípáàsì kì í ṣe bàtà máṣíìnì.

Bí ẹ bá ṣubú

Ẹ má yára dìde, kí ẹnikẹ́ni má sì fa ẹ̀wù bọ́ yín lórí. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe 122 ti FRSC tàbí 112. Bó bá di dandan láti bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n tú okùn ẹ̀gbẹ́, tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀wù ṣeé rà. Ohun tí a máa ń ṣe, tí a ń gbé ẹni tó fara pa sáàárín èèyàn méjì lórí máṣíìnì lọ sílé ìwòsàn, máa ń sọ eegun ẹ̀yìn tó kàn sán di èyí tó ṣẹ́ pátápátá. Ọkọ̀ tí èèyàn lè nà gbalaja sí ló dára.

Bí ẹ bá tiẹ̀ dìde tí ẹ sì rìn, ẹ ṣọ́ ara yín lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ikùn tó le gbandi, èémí tó ń gún bí abẹ́rẹ́ tàbí tó ń já, ilé ìwòsàn ni ti ìwọ̀nyí, lójú ẹsẹ̀. Ní Iléṣà, Wesley Guild wà. Ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ṣùgbọ́n egungun ìhà kì í ṣe ti wíwọ́. Orí ẹ̀dọ̀fóró ló wà, bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ lè gún un.

Lẹ́yìn tí ara bá dá, ẹ padà yẹ ẹ̀wù náà wò bí ìgbésẹ̀ kejì ṣe sọ. Fóòmù tó ti gba ìyà ńlá lẹ́ẹ̀kan lè má lè gba èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni akoto: bó bá ti gbá ilẹ̀ pẹ̀lú orí nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí ẹ kò rí ojú ibi tó ti là.

Ìtọ́jú

Omi tútù, ọṣẹ tó rọ̀, kànìnkànìn. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosínì nu ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ń jẹ fóòmù. Ibòòji ni kí ẹ sá a sí, ẹ má sá a sórí páànù, ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí sàlẹ́ńsà tó gbóná. Ẹ máa so téèpù rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí òwú má bàa dí i lẹ́nu.

Ibi tí ẹ ó fi kọ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Tèmi ti kúrò lára ògiri pálọ̀. Ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló wà báyìí, akoto wà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì sì wà nínú àpò ẹ̀wù náà. Mi ò lè mú kọ́kọ́rọ́ láìfọwọ́ kan ẹ̀wù.